R ni Rìn, D ni Dúró

Kí ọkọ̀ kọ̀ láti rìn, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní Ìgbó-Ọrà. Ohun tó ya àdúgbò lẹ́nu ní àárọ̀ Sátidé yẹn ni pé ọkọ̀ Bàbá Keturah ń rìn dáadáa, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ló mọ̀ ọ́n lọ.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Keturah. Obadiah lorúkọ rẹ̀ gan-an. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tí ẹ bá yọ agídí kúrò, àmọ́ tí ẹ bá yọ agídí kúrò lára rẹ̀, ohun tó máa ṣẹ́ kù kò pọ̀. Ó tó ọdún mẹ́fà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, Salome, tí wọ́n ń pè ní Màmá Bólúwadúró, ti bára wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ọkọ̀ yìí náà ló fa ìjà. Bàbá wọn ló ni ín. Nígbà tí bàbá kú, kò sọ ẹni tí òun fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún, àwọn ọmọ méjèèjì sì ní àwọn máa jókòó sọ ọ́. Kí wọ́n tó jókòó sọ ọ́, Obadiah ti jókòó sínú ọkọ̀. Ó wà á jáde kúrò nílé bàbá wọn ní Èrúwà, Salome sì sáré tẹ̀ lé e, ó ń juwọ́, ó ń pè é. Obadiah rí i nínú dígí. Ó rí i bó ṣe ń kéré, tó ń kéré sí i, títí tó fi dà bí ọmọdé tí wọ́n gbàgbé sójú títì. Kò dúró.

Salome ló dúró. Ó fi gbogbo ohùn tó ní pariwo, gbogbo àdúgbò sì gbọ́: "O kẹ̀yìn sí mi, Obadiah! Bí o ṣe kẹ̀yìn sí mi lọ yìí, ẹ̀yìn ni wàá fi padà wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú mi kò ní rí ojú rẹ mọ́ láyé!"

Wọ́n jíṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà fún Obadiah. Ó rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà, ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá rí òun tí òun ń fi ẹ̀yìn rìn lọ bá obìnrin kankan, kí wọ́n wá gbé òun lọ sílé ìwòsàn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn, ọdún ń gorí ọdún, títí di ọjọ́ Fúráìdé tí Bólúwadúró, ọmọ Salome, fi pè é lórí fóònù.

"Àǹkù, mo ń mú Màmá lọ sọ́dọ̀ mi ní Kàlàbá lọ́la. Aago méjì la máa gbéra. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n máa tún padà wá o. Ẹsẹ̀ wọn ti ń yọ wọ́n lẹ́nu."

 Obadiah ń bẹ̀rù pé tí Salome bá lọ, ó ti lọ nìyẹn. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, Màmá Keturah, pé àwọn máa lọ sí Èrúwà. "Ọkọ̀ Bàbá ni mo gbé lọ, ọkọ̀ Bàbá ni mo máa gbé padà. Àmọ́ gbọ́ mi o, iwájú ni mo máa fi wọlé, bí ọmọ èèyàn. Tó bá rí ojú mi, ó rí ojú mi."

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n di àpò ẹ̀gúsí kan àti òdidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún Salome sórí àga iwájú, Màmá Keturah sì wọ ẹ̀yìn. Ọkọ̀ náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fẹsẹ̀ tẹ kó tó pààrọ̀ gíà. Ọ́tò ni. Lẹ́tà ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà rẹ̀, P, R, N, D, èèyàn á kàn fa ọ̀pá síbi tó bá fẹ́, gíà á sì máa ṣe ìyókù fúnra rẹ̀. Obadiah fi rìfáàsì jáde nínú ọgbà, ó kọ ìdí ọkọ̀ sí ọ̀nà Èrúwà, nítorí ó fẹ́ kọ́kọ́ ra búrẹ́dì lọ́jà. Ó fa ọ̀pá sí D. Ọkọ̀ ké ramúramù bí ẹni fẹ́ fò. Kò kúrò lójú kan.

Ó fà á padà sí R, ọkọ̀ lọ sẹ́yìn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó fà á sí D, ariwo lásán.

"Bàbá Keturah," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ẹ̀yìn, "kí ni wọ́n kọ síbi tí ẹ fà á sí yẹn?"

"D."

"D ni Dúró. Ó ti dúró. Kí lẹ tún ń bá a jà sí?"

"Gẹ̀ẹ́sì ni, Màmá Keturah."

"Èyí tó lọ yẹn ńkọ́?"

"R."

"R ni Rìn. Ṣé ó rìn àbí kò rìn?"

Obadiah fa ọ̀pá sí N. 

"N tó wà láàárín ńkọ́?" ni Màmá Keturah tún bi í.

"Jọ̀ọ́, N ni N ò mọ̀!"

Ó pe Bámiṣẹ́, mẹkáníìkì tó máa ń tún ọkọ̀ náà ṣe. Bámiṣẹ́ wà níbi ìsìnkú ní Ìṣẹ́yìn, kò gbé fóònù. Ẹni tí orí rẹ̀ bá pé á wọ ọkọ̀ èrò. Màmá Keturah sọ bẹ́ẹ̀. Obadiah ní ọkọ̀ Bàbá lòun máa gbé padà, ó ti sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ náà nìyẹn. Ó rántí pé ọ̀gbẹ́ni kan wà ní gáréèjì tó wà níbi àbáwọ ìlú Èrúwà, Tìmílẹ́hìn, tó mọ gíà ọ́tò dunjú. Ó wo iwájú, ó rí Ìgbó-Ọrà. Ó wo ẹ̀yìn, ọ̀nà Èrúwà ló nà gbalaja níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ ọ́ lórí nìyẹn. Á fi rìfáàsì lọ dé gáréèjì, Tìmílẹ́hìn á tún gíà ṣe, á wá yí ọkọ̀ padà, á sì fi iwájú wọ ilé Salome. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ẹ ò rí èrò ọkùnrin yìí? Èèyàn máa fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ láti Ìgbó-Ọrà dé Èrúwà ní ojúmọmọ, ó ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ní àdúgbò tiwọn níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ èèyàn, ìdí ọkọ̀ lonítọ̀hún ń rí bíi ti ẹni tó ń lọ, á wá juwọ́ pé, "Ó dàbọ̀ o, Bàbá Keturah!" Tí wọ́n bá ti kọjá lára rẹ̀ tán, ojú ọkọ̀ á kọ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn káàbọ̀. Obadiah ò mọ èyí tí òun máa dáhùn. Níkẹyìn, ó ń dáhùn méjèèjì.

Màmá Keturah ní tirẹ̀ kúnlẹ̀ lórí àga ẹ̀yìn, ó dojú kọ gíláàsì, òun ló ń wo ọ̀nà.

"Ihò wà níwájú o!"

Obadiah yára wo iwájú. Kò sí ihò kankan níbẹ̀. Táyà ẹ̀yìn bọ́ sínú ihò gbàgà.

"Iwájú wo lò ń sọ?"

"Iwájú ibi tí à ń lọ!"

"Ẹ̀yìn nìyẹn!"

"Ẹ̀yìn kẹ̀? Ṣé èèyàn lè máa lọ síbì kan kí ibẹ̀ jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀?"

Wọ́n jà sí i títí, kí wọ́n tó fẹnu kò pé kò sí iwájú kò sí ẹ̀yìn mọ́ lónìí, àfi ìhà Èrúwà àti ìhà Ìgbó-Ọrà. Láti ìgbà náà ni àlàáfíà ti wọ inú ọkọ̀.

Àwọn fijilanté tó ń ṣọ́ ọ̀nà dá wọn dúró. Ọ̀kan nínú wọn yí ọkọ̀ po, ó tún yí i po.

"Bàbá, ṣé ẹ ń lọ ni àbí ẹ ń bọ̀?"

"Mò ń lọ sí Èrúwà."

"Ìgbó-Ọrà lojú ọkọ̀ yín ń wò."

"Èmi ń wo Èrúwà."

Ọkùnrin náà ronú sí i. "Ó dáa, ẹ máa lọ. Ẹ máa bọ̀. Ẹ ṣáà máa ṣe é."

Nígbà tí wọ́n dé abúlé kan láàárín ọ̀nà, ọrùn Obadiah ti ń dùn ún wá sí èjìká. Ó dúró kí ọkọ̀ lè tutù, lẹ́bàá ibi tí obìnrin kan, Jàmílàt, ti ń ta epo pupa. Ibẹ̀ ni fóònù ti dún. Bámiṣẹ́ ni. Obadiah ro gbogbo ọ̀rọ̀ fún un.

"Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́," ni Bámiṣẹ́ wí. "Ẹ fẹsẹ̀ tẹ búréèkì, ẹ fa gíà dé gbogbo ibi tí lẹ́tà wà, ẹ wá dá a padà sí P. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fa gééjì epo gíà yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà sínú ihò rẹ̀, ẹ tún fà á yọ. Níbo ni epo dé lára rẹ̀?"

Gééjì yìí kò ju irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, tí wọ́n fi ń mọ bí epo ṣe jìn tó nínú gíà. Obadiah ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Irin jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni Bámiṣẹ́ wí. "Rọ́bà kan ló ń jò lábẹ́ yẹn. Epo tó kù kò lágbára tó láti ti ọkọ̀ síwájú mọ́. Rìfáàsì ṣì ń rí tiẹ̀ mú ni. Ẹ wá epo, èyí tó pupa, ẹ dà á síbi tí ẹ ti fa gééjì yọ—" Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé e lẹ́nu.

Obadiah bojú wẹ̀yìn. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa mẹ́ta ló tò sílẹ̀ níwájú Jàmílàt.

"Ó ní epo pupa?" ni Màmá Keturah béèrè.

"Ohun tó sọ nìyẹn."

"Ọkọ̀ àgbà ni, ó ṣeé ṣe kó nílò nǹkan ilé."

Jàmílàt ti dìde. "Bàbá, tiwa kò ní àbùlà rárá. Ẹ jẹ́ n bá yín fi àrọ sí i." Ó gbé àrọ lé ẹnu ihò gééjì, ó gbé kẹ́ẹ̀gì sókè, ó kù díẹ̀ kó dà á. Fóònù tún dún.

"Ṣé ẹ ti rí epo?"

"A ti rí i," ni Obadiah wí, inú rẹ̀ dùn. "Ó mọ́ gaara, ó tún ń ta sánsán. Ẹni tó sè é gan-an ló fẹ́ dà á."



"Bàbá Keturah. Ta ló sè é?"

"Jàmílàt."

"Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò lára ọkọ̀ yẹn! Gbogbo yín! Epo gíà ni mo wí, ti inú ike ilé iṣẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ló pupa! Ṣé ẹ fẹ́ fi gíà se ọbẹ̀ ni?"

Jàmílàt gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀, ojú rẹ̀ le. Ó fẹ́ mọ ohun tó ṣe epo òun. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún débi pé ó bu ìgò kan fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí wọ́n gbé e fún ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń lọ kí, kí onítọ̀hún tọ́ ọ wò, kó sì dá ẹjọ́. Bámiṣẹ́ ní Tìmílẹ́hìn máa ní epo gíà, kí wọ́n rọra fi rìfáàsì débẹ̀, kí wọ́n sì máa dúró kó máa tutù.

Kí Obadiah tó dé gáréèjì, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ló gbé e lọ. Èrúwà kò tíì gbàgbé ohun tí Salome sọ lójú títì lọ́jọ́ náà. Báwo ni wọ́n ṣe máa gbàgbé? Àwọn kan ti ń fi pa ara wọn lẹ́rìn-ín láti ìgbà náà. Nígbà tí ìdí ọkọ̀ bàbá náà yọ, èrò ti pé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

"Obadiah dé o! Ẹ̀yìn ló fi dé!"

"Gíà ló bàjẹ́!" ni Obadiah kígbe láti ojú fèrèsé.

"A mọ̀, Bàbá. Ẹ kú ìrẹ̀lẹ̀!"

"Mo ní gíà ni!"

Ìyá àgbà kan tí òun àti Salome jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ti kúnlẹ̀ sójú ilẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó rọ ọkàn àwọn agbéraga. Obadiah gbọ́ agbéraga yẹn dáadáa. Inú bí i, ojú sì tún ń tì í, kò mọ èyí tó ju èkejì lọ.

Tìmílẹ́hìn wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó gé ibi tó ń jò lára rọ́bà kúrò, ó fi okùn irin dè é pinpin. Ó da epo gíà sí i, ó wo gééjì, ó tún dà díẹ̀ sí i. Ó ní kí Obadiah fa gíà dé gbogbo lẹ́tà. Nígbà tí ọ̀pá dé D, ọkọ̀ ta kìjí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwájú wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ rí.

"Ó ti yá," ni Tìmílẹ́hìn wí. "Ẹ lè máa fi iwájú lọ, sà."

 Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ rọ ọwọ́ wálẹ̀. Ìyá àgbà tó kúnlẹ̀ kò mọ̀ bóyá kí òun dìde.

Ohun tí Obadiah ń fẹ́ láti àná nìyí o. Kó yí ọkọ̀ padà, kó gbé orí sókè, kó wọlé bí ọmọ èèyàn. Ó ti di ọwọ́ mú láti yí i. Ó gbójú sókè wo dígí, kó má baà gbá ẹnì kankan, ó sì rí títì tó lọ sí ilé bàbá wọn, níbi tí Salome ṣì ń gbé. Títì náà ṣófo. Inú dígí yìí kan náà ni. Ibi tí Salome ti dúró gan-an ló ń wò. Ní ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo tí ì bá ṣe ni kó fa ọ̀pá gíà yìí sí R. Kò ju ìbú ọwọ́ lọ. Ọkọ̀ yá nígbà náà, gíà rẹ̀ pé, epo rẹ̀ kún. 

Ó fa ọ̀pá sí R.

"Bàbá Keturah," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ó ti yá kẹ̀. Kí lẹ ń ṣe?"

"R ni Rìn," ni Obadiah dá a lóhùn.

 Màmá Keturah tún kúnlẹ̀ sórí àga ẹ̀yìn, ó ń wo ọ̀nà fún un, èrò sì tẹ̀ lé wọn.

Salome wà níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Bólúwadúró tí wọ́n ti kó ẹrù sí tán. Ó ti gbọ́ pé àbúrò òun ń bọ̀, ó sì ti gbọ́ bó ṣe ń bọ̀. Àmọ́ ó ti sọ pé ojú òun kò ní rí ojú rẹ̀ títí á fi fi ẹ̀yìn dé ọ̀dọ̀ òun, obìnrin yìí náà sì kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, inú kan náà ṣáà ló bí wọn. Ó ti fi ìborùn bo gbogbo ojú, ó dúró ṣánṣán sínú oòrùn bí ẹrù tí wọ́n dì tán. Nínú dígí, Obadiah rí i tó kéré bí ọmọdé. Ó rí i tó ń tóbi. Ó ń tóbi sí i, títí tó fi rí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú sálúbàtà, tí omi sì bò ó lójú débi pé Màmá Keturah ló kígbe pé kó tẹ búréèkì.

Ó sọ̀kalẹ̀. Ó fẹ́ lọ bá a. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ọrùn òun ti há. Láti Ìgbó-Ọrà ló ti yí i sẹ́yìn, ó sì ti gbé e síbẹ̀ pátápátá. Tó bá kọ àyà sí Salome, ilé aládùúgbò ló ń wò. Kó tó lè rí ibi tí ó ń lọ, àfi kó kẹ̀yìn sí i. Bí Obadiah, ọ̀gá tíṣà, ṣe fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sẹ́yìn lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, lójú gbogbo Èrúwà, ó ń wò ó láti orí èjìká.

Salome ti ń yọjú wò láti abẹ́ ìborùn. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra. Kò rí i ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹkún, ìborùn sì já bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Yé rìn, kí o má ṣubú lù mí," ló wí. "Obadiah, má purọ́ fún mi. Wọ́n ní gíà ló bàjẹ́. Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá báyìí, àbí ọkọ̀ ni?"

Ó lè purọ́. Gbogbo èrò ló fẹ́ kó purọ́.

"Àǹtí mi, láti Ìgbó-Ọrà dé gáréèjì, ọkọ̀ ni. Wọ́n tún un ṣe tán níbẹ̀. Láti gáréèjì dé ibí, èmi ni."

 Salome ní kí Bólúwadúró tú ẹrù, kó wá ìgò òrí jáde. Ó mú àbúrò rẹ̀ jókòó sórí àga ẹ̀yìn ọkọ̀ bàbá wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ epo Jàmílàt, ó bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra ọrùn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí tí ojú wọn fi ko ara wọn.

"Láti gáréèjì dé ibí," ló wí. "Ìyẹn náà tó mi."